Báàtì Pákó Ọkọ Màmá

Màmá gba ẹyin lọ́wọ́ wa, wọ́n fi í sábẹ́ àtẹ ẹ̀gúsí wọn, wọ́n ní eré ti parí títí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Ẹyin là ń pe bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì nígbà náà, nítorí ó funfun, kì í sì í pẹ́ fọ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Gbogbo wa kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń ti Agbowó wá bá wa ṣeré. Òun lọ̀gá wa nídìí tábìlì, òun náà ló sì sọ ọ̀rọ̀ náà.

Màmá ni ìyá onílé wa ní Bódìjà. Bàbá, ọkọ wọn, ti kú kí n tó dáyé, ṣùgbọ́n kò sọ́mọ kan nínú ọgbà yẹn tí kò mọ̀ wọ́n. Àwọn ni wọ́n kan tábìlì náà sábẹ́ páànù tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, àwọn ni wọ́n máa ń gba ife ẹ̀yẹ nínú eré yìí fún ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti bọ́ aṣọ iléèwé báyìí, Màmá á gbé àpótí jókòó tì wá, wọn á máa bó ẹ̀gúsí, òórùn òrí tí wọ́n fi pa orúnkún á sì gba gbogbo ibẹ̀. A ò tíì ní gbá a lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá. Bí a bá yin ará Ṣáínà kan tí a rí nínú tẹlifíṣọ̀n, wọn á fọwọ́ nu ẹnu, wọn á ní kò lè dé ìdí bàtà olówó orí àwọn. Bí a bá yin ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá a lókè òkun, bákan náà ni.

Lọ́sàn-án tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti sọ ọ́ tán, wọ́n wá fi òwe tì í. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Màmá, àkísà kọ́ la fi ń gbá ẹyin," ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá wọn lóhùn. "Lẹ́fẹ́lì ti yàtọ̀. Ká ní Bàbá jí dìde lónìí, ọwọ́ òsì ni mo máa fi nà wọ́n."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gba ẹyin. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Màmá dìde, wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, báàtì kan ló wà lọ́wọ́ wọn, pákó lásán, kò sí rọ́bà kankan lára ẹ̀, òógùn sì ti sọ ìdí ẹ̀ di dúdú.

"Ohun tí ọkọ mi fi gbá a nìyí. Ìwọ náà fi gbá a. Bó o bá na ọmọ yìí, mi ò ní dárúkọ ọkọ mi fún yín mọ́ láé."

Èmi ni ọmọ yìí, èmi ni wọ́n sì ju ẹyin sí. Nínú gbogbo àwọn ọmọbìnrin ọgbà, èmi ni mo mọ̀ ọ́n gbá jù, báàtì mi sì ní rọ́bà tó nípọn. Ìtàn Bàbá máa ń sú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ojú Màmá, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un kúrò lẹ́nu wọn, kò ní ku nǹkan púpọ̀ fún wọn.

Ọ̀gá wa kọ́kọ́ ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe, ó fi báàtì ra ẹyin lẹ́yìn kó lè máa yí. Pákó tí kò ní rọ́bà ò mọ ìyẹn. Ẹyin yọ̀ bọ́rọ́, ó wọnú àwọ̀n. Òmíràn tún wọnú àwọ̀n. Màmá ní, "Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ nìyẹn ni?" A rẹ́rìn-ín títí, mo sì ń gba àmì ayò lọ ní tèmi.

Nígbà tó yá, ó jáwọ́ nínú ọgbọ́n. Ó ń gbá a gbọọrọ, ìró ẹ̀ ń dún kó, bó ṣe wá ni ó ṣe ń dá a padà, kó. Rọ́bà tiwa kì í dún báyẹn. Ó ń lé mi bọ̀. Mo bojú wo Màmá kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti dúró sínú ẹ̀gúsí, wọ́n sì dijú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló nà mí.

Ọ̀gá wa rọra gbé báàtì kalẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ dúró?" Màmá bèèrè.

"Ó ti parí, Màmá. Mo ti nà án."

"Mo gbọ́. Ẹ máa gbá a lọ, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí bàbá yẹn ti kú, n ò gbọ́ ìró yẹn mọ́."

Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì nù ún. Ọ̀gá wa tún gbé báàtì, a sì ń gbá a, a ò ka nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, ẹ má dákẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá nítorí tèmi o. Báwo ni Bàbá ṣe máa ń dúró tí wọ́n bá fẹ́ gbá a?"

Màmá tún ìró wọn ró, wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nídìí tábìlì, wọ́n gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn. Gbogbo ìyìn tí wọ́n ti ń yin Bàbá látọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá náà ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ọdọọdún ni mo sì túbọ̀ ń rí i bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láàárín Bàbá àti àwọn tòde òní, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ní Ring Road, àwọn ọmọ mi ń fi fóònù han bàbá ọkọ mi bí àwọn aṣọ́lé ìsinsìnyí ṣe ń mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi aṣọ́lé kan tí bàbá náà máa ń yìn láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ọkọ mi ní kò sí irú ẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí fèrèsé.

Mo fi àwo tí mò ń kó sílẹ̀, mo ní, "Bàbá, báwo ni aṣọ́lé tiyín yẹn ṣe máa ń fò mú bọ́ọ̀lù?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo àwọn ọmọ, wọ́n wá fi ọ̀pá wọn ti ògiri, wọ́n dìde.