Ògiri Tí Kò Gbọdọ̀ Mì

Hannibal Trudgeon kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òkúta ló mọ̀. Láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ mọ ilé ẹ̀rọ ìwakùsà káàkiri Kọ́nwọ̀ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè kọjá lára ògiri kó má fọwọ́ gbá a wò. Àwọn ará abúlé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tó bá gbéyàwó, yóò kọ́kọ́ gbá ìyàwó lẹ́yìn wò ná.

Loveday, ọmọ Kápítéènì Uren tó jẹ́ ọ̀gá ibi ìwakùsà, ló wù ú. Loveday náà fẹ́ ẹ. Bàbá ló gbégi dínà.

"Ilé ẹ̀rọ tuntun yẹn, ibo lẹ bá a dé?" ni Kápítéènì bi í.

"Ó ku bíríkì tó máa wà lókè ṣímínì tí èéfín máa gbà jáde, sà."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, màá gbé ife tíì sórí ògiri iwájú. Bó bá fi lè dà sílẹ̀, má tẹsẹ̀ bọ ilé mi mọ́."

Loveday fèsì láti ilé ìdáná: "Bàbá, ṣé ife tíì ni mo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ara Hannibal kò lélẹ̀ mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tó fún ògiri mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n orí ti iwájú ni ìtì irin ńlá ń gùn lé, ìdajì nínú ilé, ìdajì lóde lókè ihò ìwakùsà. Yóò máa ròkè rodò bí ọmọ tó gun jangilọ́fà, yóò sì máa fa omi kúrò nínú ihò. Òkúta líle gbígbẹ́ ni Hannibal fi mọ ọ́n, ó nípọn ju ibùsùn tọkọtaya lọ. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ọ́n tán kí wọ́n tó fi ìyàwó ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Kò sí àtúnṣe.

Ọjọ́ pé. Gbogbo abúlé wọ aṣọ ìsìn, wọ́n ń jẹ páì ẹran. Kápítéènì, Loveday àti Hannibal gòkè lọ síbi ìtì irin. Kápítéènì bu tíì kún ife dẹ́nu, ó gbé e ka orí ògiri. Ooru ẹ̀rọ hó yeee, ìtì irin tẹrí ba, ó tún dìde. Hannibal di ojú. Nígbà tó là á, omi ti ń tú jáde lóde, tíì sì dúró jẹ́ẹ́ nínú ife. Ayọ̀ gba inú rẹ̀ kan.

Kápítéènì gbé ife náà láti fi kí àna rẹ̀. Kò tíì dé ẹnu rẹ̀ tí ìdajì fi dà sí i láyà.

"Bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n," ni Loveday wí.

"Ògiri ò mì, Trudgeon. Èmi ni mò ń mì." Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn awakùsà Ọsirélíà bá ránṣẹ́ pè ẹ́ pé kó o mú ìyàwó ẹ sọdá òkun wá bá wọn mọ ilé ẹ̀rọ, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé o ò mọ ilé í mọ."