Kóòtù Ojú Ìwé Kọkànlélógún

Kí ìgbà òtútù tó wọ Chicago ni ilé ìtajà aṣọ kan máa ń fi ìwé àwòrán kóòtù wọn ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà ilé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ṣùgbọ́n mo mọ kóòtù. Mo mọ̀ pé ìyẹ́ wẹ́wẹ́ àyà pẹ́pẹ́yẹ ń mú ooru ju òwú lọ, àti pé bí ojú rírán bá jìnnà síra jù, ìyẹ́ á ṣàn lọ sísàlẹ̀, èjìká á sì ṣófo. Ohun tí mo rí sọ sí ìwé náà kò lópin. Obìnrin inú àwòrán tó ṣí ọrùn sílẹ̀ nínú yìnyín, tó tún ń rẹ́rìn-ín, irọ́ ló ń pa.

Lọ́dún tí àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ara mi ò balẹ̀. Ọjọ́ kejì tó bá dé ló máa lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Matteson, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago, fún ìgbà àkọ́kọ́. A ti gbọ́ pé màmá náà ń sọ kiri pé àwọn ọmọbìnrin ìsinsìnyí ò mọ ìkúnlẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kó wù wọ́n. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Níkẹyìn mo ra kóòtù ojú ìwé kọkànlélógún fún un: ó pupa bí obì, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì fún pinpin nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé.

Pẹ̀lú kóòtù náà lọ́rùn, ìdí ni àbúrò mi kọ́kọ́ gbé wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a ń lọ. Mo ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe ṣáá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ti dà bí ẹ̀kọ inú ewé."

"Ẹ̀kọ gbígbóná ni. Jókòó dáadáa."

Nígbà tí a dé Matteson, màmá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Àbúrò mi tẹ orúnkún, kóòtù dì í mú. Ó tún gbìyànjú, ó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó di ògiri mú. Ló bá dúró gbọingbọin níwájú wọn.

"Ẹ káàsán, mà."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé Ìbàdàn lo ti wá lóòótọ́? Àná lo dé, Chicago ti kọ́ ọ ní ìdúró."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá ẹnu sípù nísàlẹ̀. Kóòtù gígùn tó dáa máa ń ní sípù tó ń ṣí látìsàlẹ̀ náà. Èyí ò ní. Ìwé ò sọ, èmi náà ò béèrè.

Àbúrò mi ò dúró dè mí. Ó fa sípù wálẹ̀ látọrùn, ó bọ́ kóòtù náà lé mi lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ sórí yìnyín ẹnu ọ̀nà nínú ìró àti bùbá lásán. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ẹ káàsán, mà."

"Dìde, ọmọ mi, dìde. Ta ló fi nǹkan yẹn dì ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, mà. Wọ́n mọ̀ nípa kóòtù gan-an."

Màmá bọ́ ìborùn tiwọn, wọ́n fi bò ó léjìká, wọ́n sì fà á mọ́ra wọlé. Èmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń yẹ sípù náà wò lókè lódò.

"Ẹ̀yin ọ̀gá oníkóòtù," màmá pè mí láti inú ilé, "ẹ wọlé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Òtútù ń mú ìyàwó mi."