Omi Ti Fà Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí a jọ ń ṣe olùkọ́ ní Ìgbọ́kọ̀dá, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ó ṣojú mi, èjìká mi ló sì jẹ níyà: nítorí ìparí eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, àgbà ọkùnrin méjì tó ti ń pẹja pọ̀ kí wọ́n tó bí mi fẹ́ẹ́ tú àwọ̀n wọn sí méjì.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mò ń pè ní Bàbá nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Èkejì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ilé wọn kọjú síra, afárá pákó kan ló so ilé méjèèjì pọ̀ lórí omi. Àwọ̀n tí wọ́n ń gbé lọ sójú òkun, ìdajì jẹ́ ti Bàbá, ìdajì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kálukú ló hun tirẹ̀, wọ́n wá rán an pọ̀ láàárín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wọ ọkọ̀ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ìránpọ̀ yẹn tó ẹ̀rí. A kì í búra, a kì í pe ẹlẹ́rìí. Bí àwọ̀n bá ṣì so pọ̀, ọ̀rẹ́ ṣì wà. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀bẹ sí i, ó tán nìyẹn, nítorí pé ìdajì àwọ̀n kò lè yí ẹja kankan ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n wa rí. Tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ti Bàbá, jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn elépo ń jó gáàsì lójú òkun tọ̀sán-tòru, iná yẹn kì í kú, kì í sinmi, òun la sì fi ń mọ ọ̀nà ilé bí ilẹ̀ bá ṣú. Ṣùgbọ́n iná tí a óò fi wo eré, àfi kí ọ̀rẹ́ Bàbá fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Nítorí náà gbogbo abúlé ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn méjèèjì jà.

Eré náà dá lórí olówó obìnrin kan tó ń ta ẹja, tó pòórá nínú ilé rẹ̀ lórí ọ̀sà. Gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ó há mọ́ ìṣó lára òpó. Ta ló gbé e lọ? Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń bi wá, wọn kò dáhùn. Bí apá kan bá parí, wọ́n á tún fi ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ kò dára hàn wá. Bàbá ní ọkọ rẹ̀ ni, nítorí pé ó máa ń pariwo mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní rárá o, àbúrò obìnrin náà ni, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ báyìí. Abúlé pín sí méjì. Ẹ ó gbọ́ tí obìnrin kan tó ń sá edé á máa pe ẹnì kejì rẹ̀ pé, “Ìwọ ẹlẹ́gbẹ́ Ọkọ, o ti wá tún ẹjọ́ rò lónìí?” Ẹni yẹn á dáhùn pé, “Ẹlẹ́gbẹ́ Àbúrò, bí wọ́n bá tú àṣírí, abẹ́ ẹní lo máa sá sí.”

Apá ìkẹyìn dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀rọ̀ náà máa yanjú, ilé Bàbá kún débi pé mo bẹ̀rù fún àwọn òpó. Àṣírí tú. Àbúrò ni! Nígbà tí gbogbo ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn akọrin ń kọrin, ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wà á sọdá ọ̀sà kí ọkọ burúkú yẹn má baà pa á. Wọn kò fi bó ṣe padà hàn wá. A kàn rí i tó ń wọlé jókòó láàárín àwọn èèyàn kí orin tó tán, ṣòkòtò rẹ̀ dọ̀tí, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn obìnrin sunkún. Ọ̀rẹ́ Bàbá dìde, ó jó.

Bàbá kò sunkún, kò sì jó. Ó rìn lọ síbi tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka lé gíláàsì rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí òpó ilé obìnrin yìí nígbà tí wọ́n ń jáde? Ìlà dúdú ara rẹ̀ ti yọ síta. Omi ti fà!”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Ọkùnrin yìí, kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n.”

“Mo ní omi ti ń fà lọ. Ó lè gbé e sọdá, mo gbà. Kò lè padà kí orin tó tán, orí ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ máa jókòó sí. Ẹ lọ mú ọkọ obìnrin náà.”

“Omi tẹlifíṣọ̀n lò ń bá jà!”

“Omi ni omi.”

“Àbí nítorí pé mo mọ̀ ọ́n tí ìwọ ò mọ̀ ọ́n ni?”

Ẹ̀yin tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lórí omi kì í wo òpó kó má kà á. Kí a tó na ọwọ́ mú àjẹ̀ ni ojú wa ti lọ síbi òpó: ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún ló máa ń dúdú, bí ìlà yẹn bá sì ti yọ, omi ti ń fà nìyẹn. Nítorí pé mo kàwé, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ṣe eré náà ti ìlú ńlá wá, pé ìgbà tí oòrùn bá dára ni wọ́n ń ya àwòrán wọn, wọn kò mọ̀ pé omi ń fà.

Bàbá wò mí. “Tíṣà, ṣé wọ́n fọ́jú ni?”



Ohun tó yẹ kó parí lọ́jọ́ kejì kò parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ki ara rẹ̀ láàárọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, “Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìíní!” Bàbá á dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ pé ẹni tí kò mọ ìgbà tí omi ń fà, òun kò mọ bí òun ṣe ń bá a lọ sójú òkun láti ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó wá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, abúlé ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tí mo dé láti Ìgbọ́kọ̀dá lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo bá Bàbá lórí afárá, àwọ̀n wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tú ojú ìránpọ̀.

Mo sá wọ ilé ìdáná lọ bá ìyàwó rẹ̀, ẹni tí mò ń pè ní Ìyá. Ó ń ro pupuru, kò kọrin bó ṣe máa ń ṣe.

“Wọn ò lọ sójú òkun mọ́,” ó ní. “Bó bá tú àwọ̀n yẹn tán, ta ni yóò tún bá a wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ orí rẹ̀? Orí àga yẹn ni yóò jókòó sí títí tí yóò fi di òkú. Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi, lọ lò ó.”

Mo lọ lò ó. Mo dúró sáàárín afárá, mo gbóhùn sókè díẹ̀ kí ilé méjèèjì lè gbọ́.

“Bàbá, ẹ̀yin ní kò ṣeé ṣe. Bàbá ọ̀hún ní ó ṣeé ṣe. Omi wà níwájú ilé, kò ní ká sanwó. Ẹ jẹ́ ká wa ọkọ̀ sọdá wò.”

Ọ̀bẹ dúró. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀hún, ohùn kan ní, “Òótọ́ lọmọ yìí sọ!” Ó ti ń gbọ́ wa tipẹ́tipẹ́, àgbàyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, gbogbo abúlé tò sórí afárá. Àwọn akọrin obìnrin wọ aṣọ funfun wọn wá, àwọn ni yóò kọ orin gígùn tó fẹ́ jọ ti inú eré. A jókòó, à ń wo òpó ilé wa títí ìlà dúdú fi yọ bó ṣe yọ lọ́jọ́ yẹn. Ó wá ku ẹni tí yóò wà á.

“Èmi,” ni ọ̀rẹ́ Bàbá wí.

“Ìwọ? Kí o máa sáré bí ọkọ̀ àwọn elépo?”

“Ó dáa, ìwọ wà á.”

“Kí o lè sọ pé mò ń rọra!”

Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹ gbà mí, orí pátákó ìkọ̀wé ni apá mi ti máa ń ṣiṣẹ́. Ta wá ni obìnrin tí a óò gbé? Ìyá bọ́ sínú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é, ọkọ̀ sì wọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Bàbá figbe ta. “Ìyàwó mi, obìnrin inú eré yẹn kò tóbi báyìí!”

“Ṣé ẹ gbé e wò ni?” ni Ìyá dá a lóhùn. “Tíṣà, wà á.”

Orin bẹ̀rẹ̀, mo wà á. A dé òdìkejì, níbi tí igi ẹ̀gbà hù sí, mo sọ Ìyá kalẹ̀ sórí gbòǹgbò kan, mo yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í ṣe ọ̀mùgọ̀. Omi ń sá kúrò lábẹ́ mi bí ẹni tí mo bú. Mo wà, mo tì, mo gbàdúrà. Lágbedeméjì ọ̀sà, ọkọ̀ ní “ṣàrà,” ó jókòó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Àwọn akọrin ń kọ ẹsẹ tó kẹ́yìn, wọ́n ń wò mí, ẹ̀rín kò jẹ́ kí orin náà dún dáadáa.

“Mo ti wí!” ni Bàbá pariwo.

“Tíṣà ni! Ẹ fi tíṣà wa ọkọ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn.

Wọn ìbá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá pariwo láti òdìkejì pé akàn ti ń yí òun ká, pé ṣé ibẹ̀ ni kí òun sùn ni.

Bí ẹrẹ̀ bá há èèyàn mọ́ lọ́dọ̀ wa, pákó la fi ń gbà á: èèyàn méjì, ọ̀kan ń tẹ́ pákó síwájú, èkejì ń yọ ti ẹ̀yìn fún un. Ẹnì kan lè fi pákó méjì dá rìn, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé èèyàn wá. Bàbá fa pákó yọ lára afárá, ó bọ́ sílẹ̀. Kò wẹ̀yìn, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń nà án nínú ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi pákó kejì sí i lọ́wọ́.

Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń jà. “Tẹ́ ẹ dáadáa.” “Èmi ni o ń kọ́?” Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n kọjá mi.

“Bàbá, èmi ńkọ́?”

“O wà nínú ọkọ̀, kí lo tún ń fẹ́?” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. “Omi ń bọ̀.”

Wọ́n gbé Ìyá wá sáàárín wọn bí ìyàwó tuntun. Àwọn akọrin tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti fi kí wọn káàbọ̀, wọ́n sì ti gun àkàsọ̀ kí orin náà tó tán. Ìyá dúró lókè, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ dé orúnkún.

“Ẹ dákẹ́ ná. Ṣòkòtò yìí, níbo ni mo ti rí i?”

Obìnrin akọrin kan gbá àyà. “Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n! Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn!”

“Ó fẹsẹ̀ rìn padà!” ni ọ̀rẹ́ Bàbá ké. “Kò wa ọkọ̀ padà rárá!”

Bàbá ní, “Lórí kí ni? Níbo ló ti rí pákó?”

Ìyá ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

“Káfíńtà mà ni.”

Ariwo tó sọ, bóyá àwọn elépo gbọ́ ọ lórí iṣẹ́ wọn. Bàbá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ìyẹn ni pé omi ti fà, bí mo ṣe wí.”

“Omi ti fà,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà. “Àbúrò náà sì ni, bí mo ṣe wí.”

Wọ́n jọ wọlé lọ jẹun. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù lójú ẹrẹ̀, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn àti ìró jẹnẹrétọ̀, títí omi fi rántí mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, wọ́n pè mí síta. Èjìká mi kò gbéra. Àwọn pákó ti padà sí ipò wọn lára afárá, ẹrẹ̀ ṣì wà lára wọn. Àwọ̀n nà láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, Bàbá jókòó ti ìdajì tirẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ti tirẹ̀. Níbi tí ọ̀bẹ ti tú láàárín, wọ́n fi àpótí kan síbẹ̀, abẹ́rẹ́ àwọ̀n wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú okùn.

“Jókòó,” ni Bàbá wí.

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n rán.”

“A mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rán an, yóò ní mo fà á sọ́dọ̀ mi.”

“Bó bá jẹ́ pé òun ló rán an,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, “èmi á sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo jókòó, mo ń rán an, ojú rírán mi rí wọ́gọwọ̀gọ. Wọ́n fa àwọ̀n le lọ́tùn-ún, wọ́n fà á le lósì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí mi.

“Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò fi pákó náà hàn wá?”

“Wọ́n rò pé o gbọ́n ni.”

“Tíṣà,” ni Bàbá wí, “fa ibẹ̀ yẹn le díẹ̀.”