Amọ̀ Tó Sùn Nínú Àgbá

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé kànga ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ jẹun. Afúnnilómi ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n láti kékeré, amọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn ní bàtà, á fi ìka ra á, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Baálé mi, oúnjẹ wà nílé o!"

Ó wá ṣèlérí kànga fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kí màmá má baà gun òkè lọ pọnmi mọ́. Àfi bí ẹ̀yìnkùlé màmá ṣe jẹ́ kìkì yanrìn! Bí ẹ̀rọ bá ti sinmi báyìí, ògiri ihò á wó, ihò á dí.

"Àna mi," ni màmá wí, "ṣé kànga lò ń gbẹ́ ni, àbí ò ń sin nǹkan pamọ́?"

Ojú tì í. Ó wa amọ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀ màmá, ó pò ó mọ́ omi nínú àgbá, kó lè dà á sínú ihò, kó máa gbé ògiri ró. Ó ju yanrìn díẹ̀ sí i wò bóyá á gbé e ró: yanrìn rì ṣọ́ọ́. Amọ̀ náà ń ṣàn bí omi ìfọṣọ. Ó pòṣé, ó lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, màmá fẹ́ dà á nù. Ó ti igi bọ̀ ọ́, igi dúró gbọnin.

"Àna mi, wá wo ohun tó o pò, ó ti dì!"

Afúnnilómi sáré dé. Ó rò ó, ó ṣàn wẹ́rẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ó tún dì. Ó ju yanrìn sí i, yanrìn há sójú ẹ̀, kò rì.

"Àṣé kò tíì mumi yó lánàá tí mo fi sọ pé kò dáa! Ṣùgbọ́n màmá, kí ló dé tó fi ń sùn tó tún ń jí?"

"Èmi lò ń bi? Bí orúnkún mi náà ló ṣe rí. Bí mo bá jókòó, á gan. Bí mo bá rìn díẹ̀, á dẹ̀."

Afúnnilómi tún amọ̀ rò, ó dà á sínú ihò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, amọ̀ ń ṣàn, ó ń ru yanrìn bọ̀ wá sókè. Ó dá ẹ̀rọ dúró, òun àti màmá tẹjú mọ́ ihò. Amọ̀ dì, ó gbá ògiri mú. Ògiri ò wó. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti jáde, ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá mọ́ gaara.

Màmá jókòó ti kànga rẹ̀, ó mu, ó tún mu. Ìgbà tó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.

"Àna mi," ló bá pariwo, "wá rò mí o, mo ti dì!"