Òkìtì Clement Eddowes

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2014, àlejò mọ́kànlá gun òkìtì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Cobbersley. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ṣì wà nílẹ̀. Clement Eddowes, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣáájú wọn, bó ṣe ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ní ibẹ̀ ni ilé olódi Fulk, ìjòyè ayé àtijọ́ kan, wà kí ọba tó ní kí wọ́n wó o palẹ̀. Ó fi ibi tí Fulk ń sùn hàn wọ́n. Ó fi ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a jà hàn wọ́n. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó bi í.

Òkìtì yẹn ló sọ Clement di èèyàn. Tẹ́lẹ̀, awakọ̀ tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń pẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ri àmì mọ́ ẹ̀bá títì, kí àlejò lè mọ ọ̀nà ilé olódi náà. Wọ́n ní kí onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ kọ́kọ́ wá wò ó. Ọmọbìnrin kan, Harriet Lacey, dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Clement gbé tíì fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, igi ńlá méjì tó dábùú ara wọn yọ nínú ilẹ̀. Clement ní ilé àdúrà Fulk nìyẹn.

Harriet nu ọwọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí ni. Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ níbí."

"Fulk kì í jẹ búrẹ́dì ni?"

Harriet rẹ́rìn-ín, ó ní abúlé tó ti ṣi òkìtì ọlọ mú fún ilé olódi kò lóǹkà. Ó wá mú un lọ sí ìsàlẹ̀ abúlé, sí ilé Mavis Threlfall tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Kòtò kan yí ọgbà rẹ̀ ká. Òkúta gbígbẹ́ tó dán, irú èyí tí tálákà kò lè rà, ni wọ́n fi mọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Harriet ní ibẹ̀ gan-an ni ilé olódi wà. Ibẹ̀ náà ni àmì máa júwe.

Ní Sátidé, àlejò mẹ́sàn-án dé. Clement pàdé wọn nídìí òkìtì, ó yí wọn padà sí ìsàlẹ̀ abúlé. Mavis fara ti géètì pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Clement ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́ pé ògiri ilé ẹlẹ́dẹ̀ yẹn nìkan ni àwọn fẹ́ rí.

Mavis wo àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wo Clement.

"Clement, ọgbọ̀n ọdún lo fi ń ní kí àlejò dí imú kọjá ilé mi."