Ẹ̀yìn Kílókànwọ́n Lọ́jọ́ Ajé

Ní ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, màmá àgbà kan pọn ajá wọ ọ́fíìsì wa ní Kétu. Ó fi ọ̀já dì í pinpin. Oṣù kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ dókítà ẹran nìyẹn, gbogbo nǹkan ni mo sì ń kọ sílẹ̀, títí kan aago. Ewúrẹ́ àti màlúù ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé. Kò sí ìwé tó sọ ti ajá kékeré tí wọ́n pọ̀n.

"Kí lẹ ń pè é, Màmá?"

"Kílókànwọ́n."

"Àwọn wo?"

"Àwọn aládùúgbò mi. Wọ́n mọ ara wọn."

Mo fi ìka tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ajá náà díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe dé àárín, ó ké, ó sì fẹ́ bù mí lọ́wọ́ jẹ. Mo ṣàlàyé pé tí irú ìrora yìí bá ń padà wá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lè rọ lọ́jọ́ kan.

Màmá fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Òun nìkan ló kù tó ń dá mi lóhùn nínú ilé," ó ní.

Mo ní kí ajá náà sinmi nínú àpótí, kó má fo sórí àga. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ọ̀kan lábẹ́ àyà, ọ̀kan lábẹ́ ìdí. Kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Kí wọ́n má fún un ní oògùn ènìyàn rárá.

"Pípọ̀n náà ńkọ́?"

"Ó tán, Màmá."

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo rí ajá náà tó ń lé adìẹ. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ Ajé, ó padà dé nínú agbọ̀n, ó ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

"Ajá yìí kórìíra ọjọ́ Ajé bíi tèmi," ọ̀gá mi sọ. "Ogbó ni."

N kò gbà. Ogbó kì í ka ọjọ́. Ìwé mi fi hàn pé láàárín Ẹtì sí Ajé ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. N kò ní ẹ̀rí kankan lòdì sí Màmá, nítorí náà mo lọ sílé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Odomèta ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mo bá a lórí àpótí ìjókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń fi ọṣẹ àti òrí wẹ ajá lórí wọn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e sókè, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó jù ú sókè, ó sì hán an. Kílókànwọ́n wò mí bí ẹni tí ọlọ́pàá dé bá lọ́wọ́ olè.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀!"

"Kí ló dé? Báyìí la ṣe ń na eegun. Gbogbo ọmọ àdúgbò yìí ni mo wẹ̀. Èwo ló rọ nínú wọn? Ìwọ gan-an, èmi ni mo wẹ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé ọ lọ Kútọnu. O ké ju ajá yìí lọ."

Mo pe ìyá mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ni ẹ̀rí tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì níwájú Màmá, ó sì ṣòro láti já ní koro.

"Oṣù mélòó lẹ fi wẹ̀ mí, Màmá?"

"Mẹ́ta."

"Ajá yìí ńkọ́?"

Ó rò ó. "Ọdún méje." Ó wo ajá náà títí. "Háà. Ó mà ní sùúrù o."

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Mo béèrè nípa oúnjẹ rẹ̀, mo béèrè nípa àga tó ń fò sí, n kò béèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. A tẹ́ ẹní, a tẹ́ ajá náà sórí rẹ̀, Màmá sì fi òrí ra ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìka rẹ̀ rí ojú ibi tó ń dùn ún kíá ju tèmi lọ. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

N kò lè sọ pé ó ti sàn pátápátá. N kò sì mọ̀ bóyá Màmá ń jù ú sókè nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ní ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí aago mẹ́jọ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, Màmá kọjá níwájú ọ́fíìsì wa, kò yà. Kílókànwọ́n ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níwájú. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè dáadáa, ó sì tọ̀ sára alùpùpù ọ̀gá mi.