Màámi Kò Lè Gé Fóònù Mọ́ Ẹni Létí

Ẹni tó gba Wásáàpù lọ́wọ́ màámi kò jágbe mọ́ wọn rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó kí wọn kú ọjà, ó béèrè àlàáfíà ara, ó ní torí àwọn ìyá àsàlátù lòun ṣe pè, pé orí fóònù ni wọ́n á ti máa gbọ́ wáàsí báyìí. Ó ní nọ́ńbà kan á wọlé, kí màámi kà á fún òun kí òun lè fi orúkọ wọn sí i. Màámi ní àwọn ò rí i kà dáadáa. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má kánjú, màámi. Ẹ lọ mú ìgò ojú yín wá." Ó sì dúró. Ó dúró títí wọ́n fi rí ìgò níbi tí wọ́n fi sí láàárín àwọn abọ́ ike tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìkọ̀tún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, olè ti wọ inú Wásáàpù wọn, ó ń fi orúkọ wọn tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ìyá àsàlátù, ó ní màámi wà lọ́sibítù. Ọ̀kan nínú wọn fi owó ránṣẹ́. Màámi fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí Ìgandó lọ bẹ obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò jẹun.

Dípò kí n jókòó tì wọ́n, ariwo ni mo pa. "Ṣebí mo ti sọ fún yín pé kí ẹ má ka nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni!"

Màámi wò mí. "O sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ò dúró kí n béèrè ìdí ẹ̀."

Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá ní kí n kọ́ àwọn ní nǹkan lórí fóònù, ńṣe ni mo máa ń já a gbà, màá tẹ̀ ẹ́ pàpàpà, màá dá a padà. Ẹni tó fẹ́ jà wọ́n lólè ní sùúrù jù mí lọ.

Bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí wa, ti Baruwa wá. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. "Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni mo máa rà fún wọn. Kí wọ́n máa pè, kí wọ́n máa gbà, ó parí."

Màámi di fóònù wọn mú sáyà. Àbúrò mi obìnrin bímọ sí òkè òkun, màámi ò sì tíì fọwọ́ kan ọmọ náà rí. Ojú fóònù yẹn ni wọ́n ti ń rí i lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbì, tí wọ́n á máa kì í, tí ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Tí fóònù yẹn bá lọ, ọmọ lọ nìyẹn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo máa kọ́ wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Ìwọ tí o kì í lè dúró kí omi ẹ̀bà hó? Ó dáa. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, tọ́ọ̀ṣì ni mo máa mú dání wá."

Iṣẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe, ìwé mi ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu lásán kì í kọ́ni níṣẹ́, àfi kéèyàn ṣe é kó bàjẹ́, kó tún un ṣe. Mo bọ́ síta, mo fi láìnì mìíràn pe màámi, mo ki ohùn sọ́fun. "Ẹ káàsán mà, láti báńkì ni."

"Ṣé ọ̀fìnkìn ń yọ ẹ́ lẹ́nu ni? Wọlé wá jẹun jàre."

Ni mo bá bẹ ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ẹni tí ẹnu ẹ̀ dùn bíi ti àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún màámi pé ó ń bọ̀ wá pè, pé olè ni kí wọ́n kà á sí. Mo jókòó tì wọ́n ní ìsọ̀. Fóònù dún.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú òòrùn."

"Ìwọ náà kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Nọ́ńbà kan ló wọlé sórí fóònù yín yẹn, mà."

Mo fọwọ́ júwe fún màámi pé kí wọ́n gé e. Ìka wọn lọ síbẹ̀, ó tún padà. "Ọmọ mi, mi ò ní kà á o. Má bínú. Ọlọ́hun á fún ẹ níṣẹ́ gidi."

"Àmín mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

Ó sì ṣàlàyé. Wọ́n ń gbọ́. Àfìgbà tí owó tán lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi.

"Màámi, olè lẹ ń wúre fún!"

"Kí n wá gé e mọ́ ọn létí? Ẹni tó ń kí mi lọ́wọ́? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀?"

Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Mo dojú garawa kan délẹ̀, mo jókòó lé e, mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè tipẹ́. "Màámi, tẹ́nì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀, kí lẹ lè sọ tí ẹ á fi dá a dúró, tí kò fi ní bínú?"

Wọ́n to abọ́ díẹ̀ léra. "Ìrun ni. Tí ìrun bá tó, ta ló máa bínú?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ máa sọ pé ẹ fẹ́ kírun, kí ẹ sì gé e."

Ojú wọn yí padà. "Kí n fi ìrun purọ́? Torí olè? Á jí owó mi, á tún jí láádá mi?"

Mo lọ síbi iṣẹ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń kí wọn, wọ́n ní, "Mo ti rí i. Tí mo bá sọ ọ́, mo máa kí i ni. Ṣebí nàfílà wà, ìrun àṣekún. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn Àlàásárì tí a kì í kí nàfílà, màá ní mo fẹ́ fa tẹ̀sùbáà, màá sì fà á. Irọ́ ò sí ńbẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi tún pè. Kò tíì kí wọn tán.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ kírun." Wọ́n gé e!

Wọ́n bu omi, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn abọ́, wọ́n kírun. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Kó máa pè. Ara mi ti balẹ̀." Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti yé mi. Ìkánjú ni olè fi ń jẹun. Ẹni tó lọ fomi ṣan ojú àti ẹsẹ̀, tó foríkanlẹ̀, ìkánjú á ti kúrò lára ẹ̀ kó tó padà dé. Èmi kọ́ ni mo ronú ẹ̀ o. Ohun témi kàn fi kún un ni pé lẹ́yìn ìrun, nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí wọ́n pè.

Ọ̀rẹ́ mi di báńkì, ó di oníná, ó di ọlọ́pàá tó ní òun mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn. Lọ́jọ́ ti ọlọ́pàá pàápàá, màámi gé e. Wọ́n ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó rọra o. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé."

Wọ́n sì béèrè pé kí ni nọ́ńbà yẹn wà fún gan-an. Mo ní kọ́kọ́rọ́ ni. Èmi tí mò ń ṣe ilẹ̀kùn féèyàn, mi ò lè ní kí onílé fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mú lọ sílé. Wọ́n tún béèrè lọ́jọ́ kejì. Mo tún sọ ọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, nọ́ńbà àjèjì kan pe màámi. Mo wo ọ̀rẹ́ mi tó wá kí wa. Ó mi orí: òun kọ́.

"Màámi, èmi ni o! Iná ti tán lórí fóònù mi. Ẹ tètè bá mi..."

"Ọmọ mi, mo fẹ́ kírun." Wọ́n gé e. Ó tún dún, wọ́n ti wà lórí ẹní.

Wọn ò tíì sálámà tán tí bọ̀ọ̀dá mi fi já wọlé, àpò ìrẹsì lórí, òógùn ń ro tótó. "Màámi! Èmi lẹ gé fóònù mọ́ létí! Mo ní kẹ́ ẹ rán ẹnì kan wá gbé ìrẹsì yìí ní bọ́sítọ́ọ̀bù!"

Màámi sálámà, wọ́n rọra yíjú. "Nọ́ńbà ta lo fi pè mí?"

"Ti obìnrin kan tí mo bá níbẹ̀."

"Mo mọ obìnrin náà ni?"

"Ẹ ò gbọ́ ohùn mi ni?"

"Mo gbọ́. Olè ọjọ́sí náà, màámi ló ń pè mí. Mo fẹ́ kírun tán kí n pe nọ́ńbà ẹ, o ò dúró."

Ọ̀rẹ́ mi kọjú sí ògiri, èjìká ẹ̀ ń mì. Bọ̀ọ̀dá mi sọ ìrẹsì kalẹ̀, ó jókòó lé e. Ó yọ páálí fóònù onítọ́ọ̀ṣì náà lápò, ó wò ó, ó tún tì í bọ àpò padà.

Nígbà tí mò ń sìn ín jáde, ó dúró lẹ́nu géètì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, ṣé ó lè bá mi pe ìyàwó mi? Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ o."

Ọ̀rẹ́ mi pè é ní Mọ́ńdè, mo tẹ́tí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Nígbà tó gbọ́ pé láti báńkì ni, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú káàdì náà wá."